Ìrìn-àjò Springboks sí Niu Sílándì, Ọdún 1981

Ìrìn-àjò Springboks ọdún 1981 ni ìbẹ̀wò tí ikọ̀ rọ́gbì àpapọ̀ Gúúsù Áfíríkà ṣe sí Niu Sílándì láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbá pẹ̀lú All Blacks, ikọ̀ àpapọ̀ ilẹ̀ tó gbà wọ́n lálejò, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbá pẹ̀lú àwọn ikọ̀ ẹkùn. All Blacks borí lẹ́ẹ̀mejì, Springboks borí lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Niu Sílándì tó ti gbọ́njú nígbà náà, ìwọ́de ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Fún ọjọ́ 56, orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ pín sí méjì. Nínú ilé kan náà, bàbá ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ọmọ ń lọ wọ́de.

Ohun tó fà á

Rọ́gbì ni eré tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fẹ́ràn jù, láti ọdún 1921 ni ikọ̀ wọn sì ti ń figa gbága. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin àti àṣà ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà kò fàyè gba aláwọ̀ dúdú láàárín aláwọ̀ funfun lórí pápá. Nígbà tí All Blacks lọ síbẹ̀ ní 1928, 1949 àti 1960, ilé ni wọ́n fi àwọn agbábọ́ọ̀lù Màórì sí, bẹ́ẹ̀ Màórì ló ni ilẹ̀ Niu Sílándì látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1970, Gúúsù Áfíríkà gbà kí àwọn Màórì wá, àmọ́ oyè "aláwọ̀ funfun" ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá kí wọ́n tó wọlé.

Ní 1973, Norman Kirk, olóòtú ìjọba Niu Sílándì, kò jẹ́ kí Springboks wá. Robert Muldoon tó gorí oyè lẹ́yìn ìdìbò 1975 sọ pé ìjọba òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Ní oṣù Kẹfà 1976, ọlọ́pàá Gúúsù Áfíríkà yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto; kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí All Blacks fi wọ orílẹ̀-èdè náà láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà ká ilẹ̀ Áfíríkà lára. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, ló jẹ́ ààrẹ Àjọ Gíga Jù Lọ fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì kọ̀ ohun tí àjọ náà béèrè, pé kí wọ́n lé Niu Sílándì kúrò nínú ìdíje Montreal, orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, tó fi mọ́ Nàìjíríà, kò kópa. Àwọn olórí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì fohùn ṣọ̀kan ní Gleneagles ní 1977 pé àwọn yóò máa dènà irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eré ìdárayá. Muldoon fọwọ́ sí i. Nàìjíríà kò gbà pé Niu Sílándì pa àdéhùn mọ́. Ní 1978, Nàìjíríà yẹra fún Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Edmonton.

Ní 1981, ẹgbẹ́ rọ́gbì Niu Sílándì pe Springboks, Muldoon kò sì dá wọn dúró. Wynand Claassen ni balógun ikọ̀ tó wá. Errol Tobias, ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Springboks, wà láàárín wọn. Graham Mourie, balógun All Blacks, kọ̀ láti bá wọn gbá. Andy Dalton ló rọ́pò rẹ̀.

Bí ìrìn-àjò náà ṣe lọ

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje, Springboks na Poverty Bay ní Gisborne, àmì 24 sí 6. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Hamilton, àwọn olùwọ́de tó lé ní 300 fa ọgbà ya, wọ́n wọ àárín pápá, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọn ò sì kúrò. Ìròyìn tún kàn pé ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ń bọ̀ wá sí pápá náà. Nítorí èyí, ọ̀gá ọlọ́pàá fagi lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Àwọn òǹwòran tínú ń bí sì kọlu àwọn olùwọ́de bí wọ́n ṣe ń jáde. Ní ọjọ́ 29, ní òpópónà Molesworth ní Wellington, ọlọ́pàá fi kóńdó lu àwọn tó ń wọ́de. Láti ọjọ́ náà, àṣíborí alùpùpù di aṣọ ìwọ́de. Àwọn tó jáde lé ní 150,000, nínú ìwọ́de tó lé ní 200. HART, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 láti gbógun ti irú ìrìn-àjò wọ̀nyí, wà lára àwọn tó ṣáájú. John Minto sì ni ojú àti ohùn wọn.

Lórí pápá, ìjà gidi ni. All Blacks borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní Christchurch ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, 14 sí 9. Ikọ̀ Màórì àti Springboks ta ọ̀mì ní Napier, 12 sí 12. Ní Wellington, ẹsẹ̀ Naas Botha já àmì 20, Springboks sì borí, 24 sí 12.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n parí rẹ̀ ní pápá Eden Park ní Auckland. Marx Jones àti Grant Cole fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré fò lọ fò bọ̀ lókè pápá, wọ́n ń ju àpò fùláwà sílẹ̀. Ọ̀kan ba Gary Knight ti All Blacks, ó sì ṣubú. Eré kò dúró. Ray Mordt gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹta sì sọ ọ́ di 22 sí 22. Lẹ́yìn tí àkókò ti pé, rẹfirí fún All Blacks ní pẹ́náritì, Allan Hewson gbá a wọlé: 25 sí 22.

Àbáyọrí rẹ̀

Muldoon wọlé ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún náà, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi borí. Àwọn Màórì náà béèrè lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó wọ́de nítorí Soweto pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn. Ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀ mọ́. Merata Mita, obìnrin Màórì, ya fíìmù Patu! nípa ìwọ́de náà, ó jáde ní 1983. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ dá All Blacks dúró láti lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ìdíje Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ní 1987 wáyé láìsí Springboks. Ìgbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń kógbá wọlé, ní 1992, ni wọ́n padà. Ní 1995, Nelson Mandela gbé ife náà lé Francois Pienaar lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n na All Blacks, 15 sí 12. Siya Kolisi, balógun aláwọ̀ dúdú, gbà á ní 2019 àti 2023.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn tó dúró ní àárín pápá Hamilton kò dákẹ́, àwọn tí wọ́n gbèjà kò sì gbé nítòsí wọn. Ìtàn ti dá wọn láre.