Asibi àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí à ń gbà

Bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, wọn a ní ká mú carnet jaune wá. Àwọn kan nínú wa ń sanwó ìwé náà láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí abẹ́rẹ́ yẹn ti wá.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ibà pọ́njú ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹrú lọ ló gbé e dé Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹ̀fọn nínú àgbá omi wọn. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi rò pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Ní 1881, Carlos Finlay, dókítà ará Kúbà, sọ pé ẹ̀fọn ni. Wọn kò gbà á gbọ́. Ní 1900, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní Havana, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Jesse Lazear, ọ̀kan nínú wọn, kú sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ó wá ku kí wọ́n rí ohun tí ẹ̀fọn ń gbé kiri gan-an. Ní 1927, ibà yìí mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní Gánà òde òní, níbi tí kò jìnnà sí ààlà Tógò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi gún ọ̀bọ. Ọ̀bọ kú, ara Asibi yá. Báyìí ni ọwọ́ wọn ṣe tẹ virus náà. Adrian Stokes, tó wà nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó lọ́dún yẹn kan náà.

Virus tí wọ́n rí lára Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ léraléra nínú ẹran ara ọmọ adìẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1937, ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gún fún wa lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún ọjọ́ ayé ẹni.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀fọn kì í ka ìwé. Ojúmọmọ ni èyí ń jẹni, inú ìkòkò omi àti táyà àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ló ń yé sí. Ẹ bo omi yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́.

Kí ni àwọn àgbà ń pe ibà yìí lọ́dọ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.