Ooru àti Ìgbóná: Láti Glasgow dé Etí Ọ̀sà Bàrígà

Ẹni tí ó bá ti Ṣómólú rìn dé etí ọ̀sà ní Bàrígà ní ọ̀sán gangan yóò rí ohun tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀. Oòrùn kan náà ni ó ń pa gbogbo wọn, síbẹ̀ páànù orí ilé kò ṣeé fọwọ́ kàn, yanrìn ń jó ni lẹ́sẹ̀, ara omi sì tutù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, páànù ni yóò kọ́kọ́ tutù. Omi yóò ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1760, Joseph Black, olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow, ronú lórí ìdánwò kan tí Fahrenheit ti ṣe. Fahrenheit da omi àti mẹ́kúrì tí wọ́n gba àyè kan náà pọ̀, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni ooru tí yóò gbà ṣe ń pọ̀ tó. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n omi ni ó borí: ìgbóná àdàlù náà sún mọ́ ti omi. Black wá rí i pé ọ̀tọ̀ ni ooru tí nǹkan gbà sára, ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe gbóná tó. Ẹnu ni ó fi kọ́ni. Ó kú ní 1799, ó di 1803 kí a tó tẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde.

Lónìí a mọ̀ pé kílógíráàmù omi kan ń gba nǹkan bí 4,200 joule kí ìgbóná rẹ̀ tó fi digíríì Celsius kan lé sí i. Yanrìn gbígbẹ ń gba 800, irin 450, mẹ́kúrì 140 péré.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi tí mò ń kọ́ni ní èdè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa há òfin yìí sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀ rí: ooru ni ó ń mú ènìyàn, omi ni ó ń gbóná. (Àwọn àgbà kì í fẹ́ pe ìgbóná nítorí ṣọ̀pọ̀nná, ṣùgbọ́n a ti kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀.) Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Olùkọ́ Bàrígà kò nílò ju agolo méjì lọ, omi nínú ọ̀kan, yanrìn nínú èkejì, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí ó sì máa rò wọ́n nínú oòrùn.