Ẹjọ́ Ọdún 2004 àti Ìjọba Mẹ́ta tó Wà ní Àpápá

Bí ènìyàn bá rìn láti Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá, abẹ́ àṣẹ ìjọba mẹ́ta ló kọjá. Ìjọba àpapọ̀ ló ni èbúté, nítorí ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi sí ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú àti àṣẹ ilé kíkọ́; Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2003. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ọjà, ibi ìsìnkú àti ìdọ̀tí.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba kan bá kọjá ààlà rẹ̀? Ìtàn Ìpínlẹ̀ Èkó dáhùn ìbéèrè yìí.

Ní ọdún 2002, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, Èkó ṣe òfin láti fi 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó ní, kí wọ́n lè di 57. Láti ara Àpápá ni Àpápá-Ìgànmú ti jáde. Láti ara Ajérọ̀mí-Ifẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, ni Ifẹ́lódùn ti jáde. Wọ́n dìbò sí àwọn káńsù náà ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n má san owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́. Owó yìí kì í ṣe owó ṣeréṣeré: lára rẹ̀ ni owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ káńsù ti ń wá. Èkó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì pé àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá ṣe ti wọn, nítorí orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú ìwé òfin. Wọ́n tún ní ààrẹ kò ní agbára kankan láti di owó náà mú.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Lójú mi, ohun tí ìdájọ́ náà sọ gan-an nìyẹn. Ìpínlẹ̀ kò lè dá a ṣe parí. Ààrẹ, bó ti ga tó, kò lè fi ìbínú ṣe òfin.

Síbẹ̀, ìdájọ́ nìkan kò tó. Ẹ̀yìn ìgbà tí Umaru Yar'Adua di ààrẹ ní ọdún 2007 ni wọ́n tó san ìyókù owó náà. Èkó sọ àwọn káńsù 37 náà di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, LCDA. Wọ́n dìbò sí gbogbo káńsù 57 ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n 20 ni ìwé òfin ṣì mọ̀, owó 20 náà ló sì ń ti Àbújá wá.

Nítorí náà, mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ìjọba tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ta ni yóò sin ín?