Ọmọ tí kò rí JAMB, tó fẹ́ lọ yunifásítì ní Kútọnu: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

Títì tó gba Ìyànà Ìbà kọjá sí Báádágírì ló lọ tààrà sí Sẹ̀mẹ̀, títí dé Kútọnu. Abájọ táwọn òbí àdúgbò wa fi máa ń bi mí pé: "Máàkì JAMB ọmọ mi ò tó, ṣé ó lè lọ kàwé lọ́hùn-ún?"

Ó lè lọ. Èsì WAEC tàbí NECO ni wọ́n máa ń béèrè lókè òkun, kì í ṣe JAMB. Bí ìwé ẹ̀rí yẹn yóò ṣe níyì tó bá dé sílé ni wàhálà.

Lópin ọdún 2023, Umar Audu, akọ̀ròyìn Daily Nigerian, jẹ́ ká mọ̀ pé òun gba dìgírì ní Kútọnu láàárín nǹkan tí kò tó oṣù méjì, òun sì fi di agùnbánirọ̀. Ní January 2, 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró. Àtẹni tó kàwé lóòótọ́, àtẹni tó ra ìwé ẹ̀rí, gbogbo wọn ló kàn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Bí credit ò bá pé márùn-ún, ẹ jẹ́ kó fi GCE, NECO tàbí NABTEB dí i. Iléèwé tó bá ní kò pọn dandan, ẹ sá fún un.

2. Ẹ béèrè ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Abuja bóyá wọ́n mọ iléèwé náà.

3. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì ìjọba bíi Abomey-Calavi àti Parakou. Nigeria French Language Village, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà, wà ní Àjàrà, Báádágírì, lójú ọ̀nà kan náà.

Ẹni tó bá ní ọdún kan péré ni dìgírì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.