Àjẹìwẹ̀yìn Monterey

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ ló máa ń bá àgbà ru igbá, torí ó mọ̀ pé ìṣẹ́kù ń bọ̀ lọ́wọ́ òun. Àgbà tó bá wá lá igbá mọ́ féfé, ta ni yóò bá a gbé e? Monterey, ìlú etí òkun ní Kalifọ́níà tí wọ́n ti ń di sàdíìnì sínú agolo, jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ní 1916 ni Knut Hovden, ọmọ Nọ́wè, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ ẹja inú agolo di ọjà. Òru tí òṣùpá ò yọ làwọn apẹja ń jáde, torí inú òkùnkùn ni agbo ẹja ti ń mú omi tàn yanranyanran. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ilé iṣẹ́ a fọn fèrè. Fèrè kálukú ló ní ohùn tirẹ̀. Obìnrin tó bá gbọ́ tiwọn, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru, a dìde nílẹ̀, a lọ fọwọ́ to ẹja sínú agolo. Òórùn ẹja a sì bá a padà wálé.

Ṣùgbọ́n inú agolo kọ́ ni èrè ńlá wà. Ẹja tí wọ́n lọ̀ fún oúnjẹ adìyẹ, ajílẹ̀ àti òróró ló ń yára mówó wọlé. Nígbà tí òfin fẹ́ dín lílọ̀ kù, àwọn kan gbé ọkọ̀ tó ń lọ ẹja lọ sójú agbami, kọjá máìlì mẹ́ta tí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ mọ. Ed Ricketts, onímọ̀ ẹran omi tó ń gbé láàárín àwọn ilé iṣẹ́ náà, rí i bó ṣe ń lọ. Kí àwọn ọdún 1940 tó parí, ẹja ti dàwátì.

Lóòótọ́, òkun náà níwà tirẹ̀. Ìpẹ́ tó rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi lẹ́bàá Santa Barbara fi hàn pé sàdíìnì ti ń pọ̀, tó tún ń wọ́n, kí agolo tó dáyé. Lójú tèmi, ìyẹn ò yọ àgbà nínú ẹ̀bi: ẹni tó mọ̀ pé ọ̀dá a máa dá, kí ló ń se èbù jẹ fún?

Ilé iṣẹ́ Hovden kógbá wọlé ní 1973. Ọgbà ìwòran ẹja ló wà níbẹ̀ láti 1984. Igbá tòótọ́ ńkọ́? Wọ́n tà á. Lára ẹ̀rọ Kalifọ́níà ni wọ́n kó lọ sí Pẹrú láti fi lọ ẹja tiwọn. Ní 1970, ẹja tí wọ́n pa lọ́hùn-ún lé ní mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù. Omi òkun gbóná, wọn ò sì dáwọ́ pípa dúró. Ní 1973, kò tó mílíọ̀nù 3.