Òkúta Tí A Ń Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀: Àwọn Ibi Ìrántí Ìjàgbara Gwangju

Bọ́ọ̀sì kan ń ná ìlú Gwangju ní Gúúsù Kòríà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 518. Àlejò lè rò pé nọ́ńbà lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú mọ̀ pé ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ni ó dúró fún, ọjọ́ tí àwọn ológun gbé kóńdó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboro ní ọdún 1980. Bọ́ọ̀sì náà ń gba àárín ìlú kọjá lọ sí ibi ìsìnkú àwọn tí ó kú nínú ìjàgbara náà ní ẹ̀yìn odi. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò rí púpọ̀ nínú àwọn ibi ìrántí láti ojú fèrèsé. Ohun tí fèrèsé kò lè fi hàn án ni pé ìjà ni àwọn ará ìlú fi gba ibi wọ̀nyí lọ́wọ́ ìjọba, àti pé ìjà ọ̀hún kò tíì tán.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1979, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìnbọn pa Ààrẹ Park Chung-hee, ọ̀gágun tí ó ti wà lórí oyè láti ìgbà ìfipágbàjọba ọdún 1961. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjọba àwaarawa ti dé ẹnu ọ̀nà. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀gágun mìíràn, Chun Doo-hwan, ti gba àkóso ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ọdún 1980, wọ́n na òfin ológun ká gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n ti àwọn yunifásítì pa, wọ́n sì mú àwọn olóṣèlú alátakò. Kim Dae-jung, ọmọ ẹkùn Jeolla tí Gwangju wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹkùn yìí ti pẹ́ tí ó ti ń ráhùn pé wọn kì í fún òun ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun ìdàgbàsókè. Mímú tí wọ́n mú Kim wá dà bí ìgbà tí a fi iyọ̀ sójú egbò.

Ẹnu géètì Yunifásítì Chonnam ni òkúta ìrántí kìn-ín-ní wà. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bá àwọn sójà oníparaṣúùtì pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18. Kóńdó ni àwọn sójà fi dá wọn lóhùn, wọ́n sì lé wọn wọ àárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń lu ẹni tí ó wọ́de àti ẹni tí ó ń lọ ní tirẹ̀. Kim Gyeong-cheol wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kú. Adití ni. Kò gbọ́ àṣẹ tí wọ́n ń pa fún un, kò sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìwà ìkà yìí ni ó mú kí ìwọ́de àwọn ọmọ iléèwé di ti gbogbo ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, àwọn awakọ̀ takisí àti ti bọ́ọ̀sì tan iná iwájú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn ní òpópónà Geumnam. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, níwájú ilé ìjọba ẹkùn náà, àwọn sójà da ìbọn bo èrò. Àwọn ará ìlú bá lọ kó ìbọn ní àwọn àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn sójà sì fà sẹ́yìn kúrò láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n wọ́n dí gbogbo ọ̀nà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Gwangju fẹ́ràn láti máa sọ jù. Láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 26, ìlú kò ní ọlọ́pàá, kò sì ní ológun. Àwọn ará ìlú ni ó ń ṣe àkóso ara wọn. Àwọn ènìyàn tò sí ilé ìwòsàn láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ìbọn bà. Ní ọjà Yangdong, àwọn ìyá ọlọ́jà ń se ìrẹsì, wọ́n ń fi ọwọ́ mọ ọ́n roboto, wọ́n sì ń há a fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣọ́ ìlú. Òkúta ìrántí wà ní ọjà náà pẹ̀lú, láàárín ariwo àwọn oníbàárà. Ìrẹsì yẹn ti di oúnjẹ tí a fi mọ ìlú náà lónìí. Lára gbogbo ohun ìrántí Gwangju, bóyá òun nìkan ni kò fa àríyànjiyàn rí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìrẹsì dìtẹ̀ mọ́ ìjọba.

Ilé ìjọba ẹkùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó kọ̀ láti gbé ìbọn sílẹ̀ dúró sí. Yoon Sang-won, agbẹnusọ wọn, ẹni ọdún 29, pe àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ní ọjọ́ 26, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní sá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 27 tó mọ́, àwọn ológun padà wọ ìlú, wọ́n gba ilé náà, Yoon sì kú síbẹ̀. Iye àwọn ará ìlú tí a mọ̀ pé wọ́n kú nínú ọjọ́ mẹ́wàá náà ju 160 lọ, láìka àwọn tí a kò rí òkú wọn títí di òní. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan wà nítòsí, Sangmugwan, níbi tí wọ́n tẹ́ òkú sí kí àwọn ìyá àti bàbá lè wá máa ṣí aṣọ wò bóyá ọmọ tiwọn ni. Nígbà tí ìjọba pinnu láti kọ́ ilé àṣà ńlá kan síbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015, ó hàn pé wọn yóò wó apá kan nínú ilé ìjọba àtijọ́ náà. Àwọn ẹbí olóògbé fárí gá. Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sínú yàrá kan, ògiri yàrá náà kì í ṣe bíríkì lásán.

Nítòsí ibẹ̀ ni ilé Jeonil wà, tí a ń pè ní Jeonil 245. Ó pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń sọ pé hẹlikọ́pítà yìnbọn sí ìlú. Àwọn ọ̀gá ológun ní irọ́ ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjọba wá yẹ ilé náà wò, wọ́n ka ojú ọta 245 lára rẹ̀, àwọn kan sì wà ní àjà tí ó ga dé ibi tí ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kò ti lè yìnbọn wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gòkè lọ síbẹ̀ yóò rí àwọn ihò náà bí wọ́n ṣe wà. Ní ọdún 2017, Chun kọ ìwé ìgbésí ayé rẹ̀, ó sì pe àlùfáà Kátólíìkì kan tí ó jẹ́rìí nípa hẹlikọ́pítà náà ní Sátánì. Àlùfáà náà ti kú nígbà náà. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ dá Chun lẹ́bi pé ó ba òkú lórúkọ jẹ́. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e láìtọrọ àforíjì.

Bí ó ti wù kí ó rí, ibi ìsìnkú àtijọ́ ní Mangwol-dong ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi kó òkú lọ síbẹ̀. Ìjọba Chun kò fẹ́ kí sàréè wọ̀nyí wà lójú kan. Wọ́n fi owó àti ìhàlẹ̀ rọ àwọn ẹbí pé kí wọ́n hú òkú wọn lọ sin síbòmíràn, àwọn kan sì gbà. Àwọn tí kò gbà ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún lójú àwọn ọlọ́pàá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó òkú ní ọdún 1982 fún Yoon Sang-won àti ọmọbìnrin kan, ajàfẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti kú ṣáájú rẹ̀. Orin tí a ṣe nítorí ìgbéyàwó náà di orin ìwọ́de jákèjádò Kòríà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Lee Han-yeol sí, akẹ́kọ̀ọ́ tí agolo tajútajú bà lórí ní ọdún 1987. Irun àti èékánná Jürgen Hinzpeter, ayàwòrán ará Jámánì tí fíìmù rẹ̀ fi ojú Gwangju han ayé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ẹnu ọ̀nà sàréè wọ̀nyí, òkúta kan wà nínú ilẹ̀ tí orúkọ Chun Doo-hwan wà lára rẹ̀. Abúlé kan ní Damyang, tí ó sún kalẹ̀ sí nígbà tí ó jẹ́ ààrẹ, ni wọ́n gbé e ró sí láti fi yangàn pé òun wọ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1989 àwọn ènìyàn fọ́ ọ, wọ́n sì gbé e wá síbí, wọ́n rì í mọ́ ojú ọ̀nà kí ẹni tí ó bá ń wọlé lè máa tẹ̀ ẹ́. A kò ní ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí orúkọ ènìyàn wà lábẹ́ bàtà. Àwọn olóṣèlú tí ó ń bọ̀ wá kí òkú ní láti pinnu lójú gbogbo ayé bóyá wọn yóò tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn yóò yà fún un.

Ibi ìsìnkú tuntun, tí ìjọba parí ní ọdún 1997, kò jìnnà síbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, òpó ìrántí rẹ̀ ga tó mítà 40, àwọn sàréè tò bí ọmọ iléèwé. Ẹyẹ tí ó tọ́ ni, àwọn ẹbí sì jà fún un. Síbẹ̀, ọdún tí ó parí náà ni wọ́n dárí ji Chun, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ní ọdún 1996. Nígbà tí ìrántí sì ti di ti ìjọba, ìjọba tí ó bá wà lórí oyè ni yóò máa sọ bí a ó ṣe rántí. Fún ọdún mélòó kan, àwọn aláṣẹ kọ̀ kí èrò pa ohùn pọ̀ kọ orin ìgbéyàwó òkú yẹn níbi ayẹyẹ. Wọ́n ní kí àwọn akọrin nìkan kọ ọ́. Àwọn ẹbí kan bínú kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ ṣe ìrántí tiwọn. Ọdún 2017 ni gbogbo èrò tún tó pa ohùn pọ̀ kọ ọ́.

Apá kan nínú ibi ìsìnkú tuntun yìí ní òkúta orúkọ láìsí òkú lábẹ́ rẹ̀, ti àwọn tí a kò rí. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọmọ-ọmọ Chun Doo-hwan wá sí Gwangju, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹbí olóògbé, ó bẹ̀ wọ́n ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀. Àwọn ìyá tí ó ti darúgbó dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí àárín àwọn sàréè, ó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó sì ń fi í nu ojú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan.