Kọ́ Ọ Sórí, Kí O sì Sọ Ọ́ Lóhùn Ilé

Àdéhùn tó parí ìjà láàrin Ìlàjẹ, aládùúgbò àwa Ìkálẹ̀, àti àwọn Ìjọ̀ láyé àtijọ́ kò sí lórí tákàdá kankan. Bí a ṣe gbọ́ ọ ni pé ọkùnrin Ìlàjẹ kan gba ìyàwó oníyàwó, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ̀, àwọn yẹn sì kọ̀, wọn ò fà á sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa parí ọ̀rọ̀, ẹrúbìnrin kan ni wọ́n fi rúbọ dípò ẹlẹ́ṣẹ̀. “Ayélála” ló jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn, òun ni wọ́n sì fi ń pe òrìṣà tí ẹrúbìnrin náà dà títí dòní. Ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń rí i dájú pé ọmọ tó gbọ́ ọ lè tún un sọ láìfi tirẹ̀ kún un.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn míṣọ́nnárì ló kó àkọ́sórí wọ ilẹ̀ wa kò mọ ilé tí wọ́n bí wa sí. Ìtàn tó so ìdílé ọba wa, Àbòdì, ní Ìkọ̀yà mọ́ Ìbìní, ẹnu ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní agboolé tí kò jọba rí pàápàá, ọmọ kékeré ní láti mọ oríkì bàbá àti ti ìyá rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ẹni tó bá lè ka àwọn baba ńlá rẹ̀ láìkọsẹ̀ ló lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ìkálẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Àwọn Ùròbò rìn láti ọ̀nà jíjìn wá gba oko ọ̀pẹ lọ́wọ́ àwọn baba wa nígbà ìjọba òyìnbó, garawa la fi ń ta epo, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì ń jókòó pa èkùrọ́. Ìdí òkúta èkùrọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ìṣirò. A ó kọ́kọ́ máa ka òǹkà bí ẹni ń kọrin, títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu: mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún. Lọ́jọ́ kan, ìyá á ka ogún èkùrọ́ sílẹ̀, wọn á mú mẹ́rin kúrò, wọn á ní, “Mélòó ló kù?” Ọmọ á kà á. Ohun tó ti ń kọ lórin látọjọ́ yìí á wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó dé iléèwé, ó ti mọ àyọkúrò.

Ìwé ní ìṣòro tirẹ̀. Ní 1875 ni àwọn ará míṣọ́nnù pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884, ìtumọ̀ Bíbélì parí. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fáwẹ́lì u tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gh tí kì í wọ́n lẹ́nu Ìkálẹ̀. Ọmọ Òkìtìpupa tó ṣí ìwé ABD bá Yorùbá mìíràn pàdé, àkọ́sórí sì ni ọ̀nà tó gbà wọ inú rẹ̀.

Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ Kátíkísímù àti Sáàmù bíi mélòó kan sórí ní kíláàsì ìrìbọmi. Lálẹ́ Sátidé, bí wọ́n bá ń yí púpurú lórí àjà, èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná máa ka ẹsẹ àkọ́sórí ọjọ́ kejì. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ wọn á dúró. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Màá padà sẹ́yìn fúnra mi, màá wá a títí, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí mo bá parí, wọn á ní, “Ó yá, sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé.” Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Sáàmù kẹtàlélógún dùn lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n kí ni olùṣọ́ àgùntàn? Àgùntàn ìlú wa kì í ní olùṣọ́, ó ń jẹ kiri ìgboro ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè gbà wá lálẹ́ kan.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 lọ́dún yẹn. Yàrá kún, olùkọ́ kò tó, kíkà lákàpọ̀ sì gbòde. Èmi náà padà di olùkọ́, mo sì mọ ohun tí kíkà lákàpọ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀: ọmọ lè máa la ẹnu láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fún odindi sáà láìmọ ohunkóhun. Nílé, níwájú ẹni kan ṣoṣo tó tẹ́tí, kò sí ibi ìsápamọ́sí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nísinsìnyí, jẹ́lé-ó-sinmi ló gba iṣẹ́ àkọ́sórí lọ́wọ́ ilé. Àwọn ọmọ ń kọ́ orin Gẹ̀ẹ́sì nípa yìnyín àti afárá Lọ́ńdọ̀nù sórí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ lóhùn ilé. Ó ń dùn mí gidigidi. Àwọn kan ń sọ pé kí a pa àkọ́sórí tì pátápátá. N kò gbà. Ìdajì iṣẹ́ ló kù, kì í ṣe pé iṣẹ́ ọ̀hún burú.

Nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa nítorí àrùn Kòrónà ní oṣù kẹta 2020, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ-ọmọ mi wà. Èyí ẹ̀gbọ́n ka taimusi tébù dé méjìlá bí ẹni ń rọ òjò. Mo to èkùrọ́ méje-méje sọ́nà mẹ́ta, mo ní kó sọ iye rẹ̀ fún mi. Ó ní láti padà bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Òǹkà Yorùbá ńkọ́? Lẹ́yìn mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. A bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, orin lákọ̀ọ́kọ́, èkùrọ́ tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó ṣí iléèwé, ó ti dé ọgọ́rùn-ún, ó ti mọ̀ pé ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni àádọ́ta, ọgọ́rin dín mẹ́wàá sì ni àádọ́rin. Ó wá bi mí pé, “Màmá àgbà, kí ló dé tí ọgbọ̀n kò bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣebí ogójì dín mẹ́wàá náà ni.” Mo ní kó kọ́ ọ dé igba, kó wá sọ àwọn mìíràn tó bá tún rí tó dá dúró fún mi.